Àyà tó Ń Fún Lóru: Ọ̀rọ̀ Ásímà àti Ohun tí Ara Kọ̀

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí àti alágbàtọ́. Nọ́ọ̀sì tó sọ ọ́ ló tún un kọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin òbí wa, mo kí yín o. Ìbéèrè tí ẹ ti kọ ránṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń tún ara rẹ̀ sọ: kí ló dé tó fi jẹ́ pé òru ni ásímà máa ń dé? Ọmọ á ṣeré títí ilẹ̀ á fi ṣú, á jẹun, á sùn. Tó bá di nǹkan bí aago 3, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀, àyà á máa súfèé, ọmọ á dìde jókòó, á fọwọ́ méjèèjì ti bẹ́ẹ̀dì, èjìká á máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, ó ti rọlẹ̀. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ni ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe é.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ìdájí ní àlàyé tirẹ̀ nínú ara, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ ná.

Lọ́sàn-án, ọ̀nà tí èémí ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró máa ń ṣí dáadáa. Lóru, ó máa ń fún díẹ̀, nǹkan bí aago 4 ìdájí ló sì máa ń fún jù. Gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀; ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ le koko kò kàn ní mọ̀ ni. Èròjà kan tún wà nínú ẹ̀jẹ̀, cortisol lorúkọ rẹ̀, tó máa ń bá wa pa ìwúlé inú ọ̀nà èémí rọlẹ̀. Ọ̀gànjọ́ ló máa ń kéré jù. Ẹ wá fi ti pé èèyàn dùbúlẹ̀ kún un, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti imú ń ṣàn lọ sẹ́yìn ọ̀fun. Òru ti múra sílẹ̀ de alásímà kí ohun tí ara kọ̀, ìyẹn ohun tó ń fa àlẹ́jì, tiẹ̀ tó dé.

Níbo wá ni ohun tí ara kọ̀ yẹn wà? Orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ni. Ní ọdún 1964, àwọn onímọ̀ ní Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands, tọ́ka sí kòkòrò kan tó ń gbé inú eruku ilé pé òun ló wà nídìí àlẹ́jì tí eruku ń fà. Kòkòrò náà kò gùn ju nǹkan bí 0.3 mìlímítà lọ, ojú lásán kò lè rí i. Èépá ara wa tó ń bọ́ sórí tìmùtìmù àti ìrọ̀rí ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ibi tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin. Kò bù wá jẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wàhálà: ó máa ń gbẹ, á di lẹ́búlẹ́bú, ọmọ tó dojú dé ìrọ̀rí á máa fà á símú láti alẹ́ dàárọ̀. Ìgbẹ́ àti èépá aáyán náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kò sì nílò kí n sọ fún yín pé aáyán wà nílé.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra oògùn tuntun, ẹ wo ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí tí ọmọ jogún lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, tí ẹ̀gbọ́n náà jogún lọ́wọ́ ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú nù. Ẹ máa fi omi gbígbóná tó tó 60 ní ìwọ̀n Celsius fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́ọ̀sẹ̀ lọ́ọ̀sẹ̀; omi tútù kì í pa kòkòrò yìí. Ẹ máa gbé tìmùtìmù sóòrùn. Tí ẹ bá fẹ́ gbálẹ̀ yàrá, kí alásímà kọ́kọ́ jáde, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nulẹ̀ dípò kí ẹ máa fi ọwọ̀ gbígbẹ da eruku sókè. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹ tètè máa ti fèrèsé.

Ibi kan wà tí mo máa ń bínú sí díẹ̀: kọ́ìlì ẹ̀fọn. Òbí á ra oògùn ásímà olówó ńlá fún ọmọ, á wá tan kọ́ìlì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2003 fi hàn pé kọ́ìlì kan ṣoṣo, tó bá jó tán, lè tú iye eruku èéfín wẹ́wẹ́ tó wà nínú sìgá 75 sí 137 sílẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí ẹ ta. Ọtapíápíá tí ẹ ń fọ́n sínú yàrá tí ẹ sì ń tilẹ̀kùn mọ́ ara yín kò yàtọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ti jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ burú jù, nítorí ó lè pa ẹni tí kò ní ásímà rárá.

Kì í ṣe gbogbo èémí tó gé lóru ni ásímà o. Àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tó ní láti to ìrọ̀rí méjì mẹ́ta jọ kó tó lè sùn, tó sì ń ta jí lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì láti sáré lọ sídìí fèrèsé, ọkàn rẹ̀ ni kí dókítà yẹ̀ wò. Ẹ má fi ínhélà ẹlòmíì, oògùn ásímà tí wọ́n ń fà sí ẹnu, dán an wò. Ẹni tó jẹ ẹ̀bà ní aago 10 alẹ́ tó sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, omi kíkan inú ikùn lè gòkè wá kó fa ikọ́. Aspirin àti ibuprofen máa ń dá ásímà sílẹ̀ lára àwọn kan. Propranolol, tí wọ́n ń lò fún ọ̀rọ̀ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, lè fún ọ̀nà èémí alásímà pa.

Tí ara bá wá kọ oúnjẹ tàbí oògùn lójijì, bí ẹ̀pà, edé, akàn tàbí penicillin, ara á lé, ètè àti ahọ́n á wú, ohùn á yí padà, òòyì lè kọ́ èèyàn. Ínhélà nìkan kò ká èyí. Abẹ́rẹ́ adrenaline sí itan ló ń gba ẹ̀mí là, nítorí náà ilé ìwòsàn tààrà. Piriton, oògùn àlẹ́jì tí ẹ ń wá nínú dúrọ́ọ̀, kò lè dá a dúró.

Ìyá kan bi mí nínú gbọ̀ngàn pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ínhélà kì í pa èèyàn? Ọwọ́ ẹnì kan ní àdúgbò wa ló wà tó fi kú." Mo gbọ́ yín, mà. Ẹni tó ń rì sómi náà, ẹ̀ka igi tó dì mú ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ínhélà búlúù ń ṣí ọ̀nà èémí fún wákàtí mélòó kan, kò wo ìwúlé inú rẹ̀. Èyí tó ń wo ìwúlé ni ínhélà tó ní steroid nínú, tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́ bí ara tiẹ̀ yá. Láti ọdún 2019, GINA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe ìlànà ásímà fún gbogbo àgbáyé, ti sọ pé kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ má ṣe fi búlúù nìkan tọ́jú ásímà mọ́. Tí àyà bá ń jí yín lóru, ìtọ́jú yín kò tó nìyẹn. Ẹ padà lọ bá dókítà.

Mo mọ̀ pé owó ni ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí GSK, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ínhélà, kéde ní ọdún 2023 pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, ínhélà gbówó lórí débi pé àwọn kan ń pín in lò. Kí oògùn tó wà má baà ṣòfò, ẹ lo ike omi. Ní Cape Town, ìwádìí tó jáde ní ọdún 1999 lára àwọn ọmọ ọdún 5 sí 13 fi hàn pé ike omi 500 mìlílítà ṣiṣẹ́ bíi spacer tí wọ́n ń tà, ìyẹn ike tí oògùn ínhélà kọ́kọ́ ń wọ̀ kí èèyàn tó fà á. Ẹ fi wáyà gbígbóná lu ihò sí ìdí ike náà, kó rí bí ẹnu ínhélà gẹ́lẹ́, ẹ ki ínhélà bọ̀ ọ́, ẹ fi gúlù tàbí téèpù dí àyíká rẹ̀ pa kí afẹ́fẹ́ má ráyè. Ọmọ á fi ẹnu kan ẹnu ike, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á mí wọlé mí jáde díẹ̀díẹ̀.

Tó bá wá dé lóru ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó jókòó, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ má fi rọ́ọ̀bù kùn ún nímú. Ẹ mi ínhélà búlúù, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ kọjú sí ilé ìwòsàn. Bí ìṣẹ́jú 10 bá kọjá lójú ọ̀nà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá mìíràn. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí, tí ihà rẹ̀ ń wọnú, ẹ má dúró ka mẹ́wàá pé kí ẹ tó jáde. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, inú ètè, ahọ́n àti èékánná ni kí ẹ wò bóyá àwọ̀ wọn ti rí bí eérú. Bí àyà tó ń súfèé bá ṣàdédé dákẹ́, tí ọmọ sì ń tòògbé, ẹ má tíì máa dúpẹ́. Afẹ́fẹ́ ni kò wọlé mọ́.

Ọ̀rọ̀ géètì ló kù. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, tó bá ti di aago 11 tàbí 12 alẹ́, wọ́n ti ti géètì òpópónà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ tó ti sùn sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní Èkó, ẹ lè pe 767 tàbí 112, ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n bá rán náà á bá géètì ní títì. Ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́dẹ lónìí, kí ẹ sì bi aládùúgbò tó ní mọ́tò bóyá ẹ lè kanlẹ̀kùn rẹ̀ nígbàkígbà.