Wáàsí Jímọ̀: Ẹ Gba Ẹṣin Lọ́wọ́ Rẹ̀

Assalaamu alaykum warahmatullaahi wabarakaatuhu. Ẹ kú Jímọ̀, ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, ìyàwó mi ní òun fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ ìránṣọ, kí n bá òun gbé máṣíìnì òun jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀, ògbólógbòó kọ́tìnì la fi bò ó. Bí mo ṣe fọwọ́ kan bẹ́líìtì rẹ̀ báyìí ló já, ó ti gbẹ. Ìyá àwọn ọmọ ní kò burú. Ó kán epo sí i, ó nù ún, ó jókòó, ó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó wọlé. Kó tó bí ọmọ mẹ́rin wọ̀nyí, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló ń kì í bọ̀ ọ́, kò ní wojú abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ta ni yóò máa lọ mú ọmọ níléèwé?" Kò fèsì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán, torí èmi náà lẹ́sẹ̀. Ara mi ni mo ń wáàsí fún lónìí kí n tó kàn yín.

Ọlọ́hun Ọba sọ nínú Súúrà An-Nisāi, áyà 32, pé àwọn ọkùnrin ní ìpín nínú ohun tí wọ́n ṣe níṣẹ́, àwọn obìnrin náà sì ní ìpín nínú ohun tí wọ́n ṣe níṣẹ́. Ìpín tí Ọlọ́hun fọwọ́ ara Rẹ̀ bù fún ènìyàn, ta ni yóò gbà á?

Jābir ọmọ Abdullāhi, sàhábé Ànábì, ròyìn arábìnrin ìyá tó bí i, ó wà nínú ìwé hádíìsì Muslim. Ọkọ ti kọ obìnrin yìí sílẹ̀, ó ń ṣe íddà lọ́wọ́ (àsìkò tí obìnrin fi ń dúró kó tó lè fẹ́ ọkọ mìíràn), ó fẹ́ lọ ká dàbínù oko rẹ̀. Ọkùnrin kan jágbe mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ jáde. Ó bá gba ọ̀dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lọ. Ànábì ní kó lọ ká dàbínù rẹ̀, bóyá yóò fi ṣe sàráà tàbí kó fi ṣe dáadáa kan. Ẹ wo ibi tí ojú Ànábì wà: oore tó lè ti ọwọ́ obìnrin náà jáde.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ fi ọdún ṣòfò nílé. Ànábì pe obìnrin ní olùṣọ́ ilé ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ, a ó sì bi í léèrè wọn. Olùṣọ́ kì í sùn. Ẹ má sì tijú àtikọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọdé. Ọ̀dọ̀ ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni ìyàwó mi ti lọ kọ́ sítáì tó wà lóde báyìí, ọmọ náà ṣì ń pè é ní "ọ̀gá mi", ó sì ń fi sùúrù fi hàn án.

Ṣùgbọ́n àwa ọkùnrin gan-an ni mo ń bá wí. Asmāu ọmọ Abūbakri ló ń tọ́jú ẹṣin Zubayr ọkọ rẹ̀, òun ló ń fa omi, òun ló ń po ìyẹ̀fun, òun ló ń ru kóró dàbínù lórí wá láti oko tó tó máìlì méjì. Nígbà tó yá, bàbá rẹ̀ fi ìránṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i. Ẹṣin nìkan ni ìránṣẹ́ yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Asmāu ní àfi bí ẹni pé wọ́n dá òun sílẹ̀ lóko ẹrú ni. Bùkhárí, ẹni tó kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Ẹṣin kan péré, ẹ̀yin ará! Ìwọ náà wo ẹṣin tó wà nílé rẹ: ata lílọ̀ ni, omi pípọn ni, àbí aṣọ iléèwé àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n bi Āisha ìyàwó Ànábì léèrè ohun tí Ànábì ń ṣe nínú ilé, ó ní iṣẹ́ ará ilé rẹ̀ ló ń bá wọn ṣe, tí àsìkò ìrun bá tó, a jáde lọ kírun.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Obìnrin á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí, lọ́la ọkọ á gé owó oúnjẹ kù. Ìyẹn ò dáa rárá. Zaynab ìyàwó Ibn Masʿūd bi Ànábì bóyá sàráà ni tí òun bá ná owó òun lórí ọkọ àti àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́dọ̀ òun. Ànábì ní láádá méjì ni yóò gbà, ti ìbátan àti ti sàráà. Sàráà nìyẹn o, kì í ṣe gbèsè. Ọrùn ọkọ ni oúnjẹ ilé ṣì wà.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa, kó sì fún wọn ní hàláálì.

Súúrà Jímọ̀ ní tí a bá ti kírun tán, ká túká sórí ilẹ̀, ká máa wá nínú ọlà Ọlọ́hun. Lónìí, ìyàwó mi ní aṣọ ìgbéyàwó méjì tó gbọ́dọ̀ parí kó tó di ìrọ̀lẹ́. Láti mọ́sálásí, iléèwé ni mo ń gbà lọ.