Ara Ti Dé, Ọkàn Kò Tíì Dé

Kókó márùn-ún lórí bí ọkàn ṣe lè wà lójú kan nídìí iṣẹ́ ló wà nínú ìwé ọwọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí mọ̀ pé a lè má dé ìkẹta. (Ẹ̀rín.) Torí náà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ síbi tí mo sábà máa ń parí sí: kì í ṣe ariwo ló ń jẹ iṣẹ́ wa. Bí a ṣe ń dìde kúrò nídìí iṣẹ́ ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ wo ẹni tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́. Ó dé àárín gbólóhùn, fóònù dún. Ó gbé e, ó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì péré, ó gbé e kalẹ̀. Lójú tiẹ̀, ìṣẹ́jú méjì ló lọ. Irọ́ ni. Ara ti padà dé, ọkàn ṣì wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lórí fóònù. Á ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e.

Ohun tí mò ń pè ní àṣẹ́kù ọkàn nìyẹn. Sophie Leroy, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, gbé e jáde lọ́dún 2009. Ó rí i pé tí èèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí, tó bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ á jókòó ti èyí àkọ́kọ́. Èyí èkejì ló máa jìyà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń fọ́nnu pé àwọn lè ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ wà níbí. Mo tiẹ̀ ń wo ẹnì kan tó ń fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Lọ́dún 2009 kan náà, Clifford Nass àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford yẹ irú wọn wò: àwọn tó ń wo móhùnmáwòrán, tí wọ́n ń tẹ fóònù, tí wọ́n tún ń gbọ́ orin, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn á rò pé irú wọn ló máa yára jù tó bá di ká fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ká mú òmíràn. Àwọn gan-an ló lọ́ra, ohun tí kò kàn wọ́n ló sì ń fa ojú wọn. Bóyá àṣà yẹn ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, àbí bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ìwádìí náà kò lè sọ. Àmọ́ ẹni tó lé eku méjì… ẹ̀yin ẹ parí ẹ̀.

Kókó kejì, fóònù. Wéré ni. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé bí fóònù bá ṣáà ti ta èèyàn lólobó, kódà tí kò wò ó, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á mẹ́hẹ. Ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ gbé e sí yàrá mìíràn. Ó tán. Àwọn tó ń ta áàpù tí yóò máa bá wa lé áàpù, mo kí wọn o, wọ́n kú ọjà.

Ibí yìí ni arábìnrin kan ti nawọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Fóònù kọ́ ni wàhálà tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́ta wà nílé, ọ̀gá mi sì ń pè mí nígbà tó bá wù ú. Èwo ni kí n gbé sí yàrá mìíràn nínú àwọn méjèèjì?" Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún un ju tèmi lọ.

Mo pa ìwé mi dé. Mo ní òótọ́ lẹ sọ, mà. Ìgbà tí wọn yóò pè yín kò sí lọ́wọ́ yín. Bí ẹ ṣe máa dìde ló kù. Lọ́dún 2018, Leroy àti Theresa Glomb dán an wò pé kí ẹni tí wọ́n pè nídìí iṣẹ́ yára kọ ibi tó dé sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe tó bá padà. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa nídìí iṣẹ́ tí wọ́n pè wọ́n sí. Bíi kéèyàn kọ ọ́ pé: "Mo dé ìpínrọ̀ kẹrin. Àròpọ̀ kò bára mu, kí n yẹ ìlà kẹta wò." Ọkàn ti rí ẹni tó máa bá a ṣọ́ ẹrù, á jẹ́ kí ẹ lọ.

Arábìnrin náà kò tíì jókòó. "Tí ọmọ bá ń ké ńkọ́? Ṣé kí n máa kọ̀wé lọ ni?"

Rárá o, ẹ lọ gbé ọmọ! Ẹ ti máa kọ ọ́ kí ẹkún tó dé ni: ìlà kan, gbogbo ìgbà tí apá kan bá parí. Èyí kò sí nínú ìwádìí wọn, èmi ni mo sọ ọ́, àmọ́ ó ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ká má sì di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀gá àti ọmọ. Gloria Mark, ní Yunifásítì California ní Irvine, ti tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó bá a pé nǹkan bí ìdajì ìgbà tí iṣẹ́ bá dúró, èèyàn fúnra rẹ̀ ló dá a dúró. Lọ́dún 2004, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni wọ́n ń lò lójú ohun kan lórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó ṣí lọ síbòmíràn. Nígbà tó yá, ó di ìṣẹ́jú àáyá 47.

Alága ti ń na aago sí mi. Ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún: ẹ sùn dáadáa; ẹ fi iṣẹ́ tó le jù sí wákàtí tí ojú yín bá dá jù; ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ti parí?