Kámẹ́rà Mẹ́rin, Ọlọ́jọ́ Kan: Bí Màmá Ṣe Wo Ẹnuwá Láti Iléṣà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ ká ní àwòrán mẹ́rin wà lójú fóònù yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnuwá ni, níwájú ààfin Ọọ̀ni, lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́. Àkọ́kọ́ ń wo ẹnu ọ̀nà ààfin. Ìkejì wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń wo orí èrò. Ìkẹta wà lẹ́bàá àwọn onílù, ìkẹrin sì dúró lọ́nà Òkè Mògún, ó kọjú sí àwọn èèyàn tó ń wòran. Bí ẹ bá fi ìka tẹ èyíkéyìí nínú wọn, òun ni yóò gba gbogbo ojú fóònù. Ẹ̀yin lẹ ń yàn án fúnra yín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀dọ̀ màmá mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ifẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, Iléṣà ni wọ́n lọ́kọ sí. Láti Iléṣà sí Ifẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 30, ṣùgbọ́n orúnkún wọn kò gbà kí wọ́n dúró láàárín èrò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ọlọ́jọ́ sì ni! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni Ọọ̀ni ń dé Adé Ààrẹ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà ní ìpamọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọn á gbé adé náà jáde, wọn á lọ bọ Ògún ní Òkè Mògún. Tó bá ti kọjá lójú ẹ, ó di àmọ́dún.

Bí mo bá délé lálẹ́ tí mo ń ròyìn, màmá á máa bi mí: “Àwọn ìyá àdúgbò Ìrẹmọ ńkọ́? Ta ló ṣáájú àwọn onílù?” N kò mọ̀. Ibi tí mo dúró sí nìkan ni mo rí. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ojú tèmi nìkan kò sì tó wọn.

Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Láti ìgbà tí ti Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ẹnì kan ló máa ń jókòó síwájú gbogbo àwòrán, tí á máa mú ọ̀kan, tí á máa fi ọ̀kan sílẹ̀. Kámẹ́rà lè tó mẹ́wàá níbi òde, ọ̀kan péré ló ń délé wa. Èyí tí mò ń sọ yìí ń kó gbogbo wọn wá sílé.

Àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ẹ̀ ṣáájú wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ní ìlú Tampa ní Amẹ́ríkà, Takeo Kanade, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Carnegie Mellon, bá wọn to kámẹ́rà tó lé ní 30 yí pápá Super Bowl, àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ká. Gbogbo wọn jọ ń kọjú síbì kan náà, débi pé aláwòran á rí eléré kan bí ẹni tó ń rìn yí i po. Fóònù mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò lè ṣe tó ìyẹn, ṣùgbọ́n wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni aago. Ẹ jẹ́ ká ní onílù lu ìlù kan, gbà! Kámẹ́rà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ fóònù á kọ́kọ́ fún àwòrán náà pọ̀ kó lè fúyẹ́, á gé e sí wẹ́wẹ́, á fi í ránṣẹ́ sórí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òpó á gbé e lọ fún kọ̀ǹpútà kan tó ń gba gbogbo rẹ̀ jọ, ìyẹn á tó wá fi í ránṣẹ́ sí màmá. Ti fóònù kan lè lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ́nà, ti òmíràn á lo mẹ́jọ. Ẹ ti rí i pé Ọọ̀ni ti jáde. Ẹ bọ́ sórí kámẹ́rà kejì, wọn ò tíì jáde níbẹ̀. Ìran dàrú nìyẹn.

Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni pé kí fóònù lẹ àkókò mọ́ àwòrán lára kó tó kúrò ní Ẹnuwá rárá. Fídíò sábà máa ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì gbọ́dọ̀ mọ àkókò tiẹ̀. Níbo ni fóònù ti ń rí aago tó péye? Àwọn sátẹ́láìtì GPS gbé aago átọ́ọ̀mù dání, íntánẹ́ẹ̀tì náà sì ní ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bi ara wọn ní aago, èyí tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, David Mills, gbé jáde ní 1985. Kọ̀ǹpútà tó ń gba nǹkan jọ á wo àkókò wọ̀nyẹn, á dá àwọn tó yára dúró de èyí tó ń fà, á wá tú gbogbo wọn sílẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìran fi ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé Iléṣà. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Kó ṣáà ti bá ara mu.

Bí ẹ kò bá ní ètò tó ń ṣe ìyẹn, ẹ pe gbogbo ẹni tó di fóònù mú jọ, kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú wọn kí wọ́n tó tú ká. Ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé nínú fídíò kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi tò wọ́n. Ẹ má gbára lé ìró bí kámẹ́rà bá ti jìnnà síra, torí nǹkan bíi mítà 340 ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà tó fi mítà 170 jìnnà sí onílù á rí ọ̀pá tó balẹ̀, á tó gbọ́ “gbà” ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn náà. Ẹ̀bá àwọn onílù nìkan la ti gba ohùn, a sì fi í sábẹ́ àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ ni ìlù kò ṣe já nígbà tí màmá ń ti kámẹ́rà kan bọ́ sí òmíràn.

Dátà ńkọ́? Fídíò tó mọ́ kedere lè jẹ mẹ́gábíìtì márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan). Wákàtí kan, 2.25 GB. Mẹ́rin pọ̀, 9 GB! Nítorí náà, èyí tí ẹ yàn nìkan ló ń wá ní kíkún. Bí mẹ́ta tó kù bá wá ní kékeré, ní mẹ́gábíìtì 0.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ kò ní pé 3 GB ní wákàtí kan.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tiwa jẹ́ lọ́dún tó kọjá. Bí èrò ṣe kún, fóònù méjì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni síìmù méjèèjì, òpó kan náà ni wọ́n ń rọ́ lù, gbogbo Ẹnuwá sì ń fi fídíò ránṣẹ́ lórí ẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Ẹ fi síìmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú wọn, kí fóònù kọ̀ọ̀kan sì máa gba fídíò tiẹ̀ sílẹ̀ sínú ara rẹ̀, kí ẹ lè tún un tò lẹ́yìn ọdún. Páwà báǹkì náà o.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Kì í ṣe gbogbo ibi ni kámẹ́rà ń dé. Àwọn abọrẹ̀ àti àwọn ìjòyè mọ ibi tí ojú àlejò kò gbọ́dọ̀ tó, a sì ti lọ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ tó pé. Wọ́n fi ibi tí a lè dúró sí hàn wá, a dúró síbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tó mọ fóònù lò kò mọ ohun tí àwọn bàbá wọ̀nyẹn mọ̀.

Nígbà tí Adé Ààrẹ yọ, mo rò pé kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ni màmá á wà. Wọ́n wò ó, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n kí Kábíyèsí láti orí àga wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sórí kámẹ́rà ọ̀nà Òkè Mògún, wọ́n sì dúró síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń wá láàárín èrò. Wọ́n rí ẹni mẹ́ta. Wọ́n pè mí lórí fóònù, ohùn wọn ń gbọ̀n: “Èyí tó di ọmọ pọ̀n, tó gbé gèlè pupa yẹn, ilé kan náà la jọ dàgbà. Lọ bá mi kí i.” Mo tẹ kámẹ́rà náà, mo rí gèlè pupa, mo sì gba àárín èrò lọ bá wọn.