Ẹ Má Fi Máàkì Nìkan Yan Ilé Ìwé

Àwọn òbí Yorùbá tó wà ní ìlú Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio, ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ ò lè wá.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Tí tọkọtaya bá fẹ́ ra ilé nílùú yìí, kí wọ́n tó bèèrè bóyá òrùlé ń jò, wọ́n á ti yọ fóònù láti wo máàkì tí àwọn ìkànnì ayélujára ń fi èsì ìdánwò ọmọ fún ilé ìwé àdúgbò náà. Tó bá gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, wọ́n á ní "Ibí dáa." Tó bá gba mẹ́ta, wọ́n á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ á ríbi," wọ́n á sì yí mọ́tò padà. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ lónìí: owó àpò àwọn òbí ni máàkì yẹn ń kà jù. Iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà pín ilé ìwé ìjọba rẹ̀ sí ẹkùn tó lé ní 13,000. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tó ń gba olùkọ́, tó sì ń bójú tó ìnáwó. Apá ńlá nínú owó tí wọ́n ń ná, ara owó orí ilé àti ilẹ̀ ló ti ń wá. Níbi tí ilé bá ti wọ́n, owó ilé ìwé á pọ̀. Níbi tí ilé bá ti ń wó lulẹ̀, olùkọ́ á máa fi owó ara rẹ̀ ra pẹ́ńsù. Ní 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Ohio dájọ́ nínú ẹjọ́ DeRolph pé ọ̀nà tí ìpínlẹ̀ yìí ń gbà náwó ilé ìwé lòdì sí òfin, torí ó gbára lé owó orí ilé jù.

Ti owó nìkan kọ́ o. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń ka ìtàn fún lálaalẹ́ láti kékeré ti gba máàkì kó tó pàdé olùkọ́ kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sean Reardon ní Yunifásítì Stanford kó èsì ìdánwò àwọn ẹkùn káàkiri Amẹ́ríkà jọ. Ó rí i pé ibi tí ọmọ wà ní kíláàsì kẹta, àti ohun tó kọ́ kún un títí dé kíláàsì kẹjọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ bára rìn. Àwọn ọmọ Chicago, tí gbogbo ayé ń bú ilé ìwé wọn, fi ọdún márùn-ún kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà. Máàkì orí fóònù kò sọ ìyẹn fún yín.

Ẹ wa mọ́tò lọ sápá ìlà oòrùn, bíi wákàtí méjì àbọ̀, ẹ óò bá Steubenville létí odò Ohio. Iṣẹ́ irin ló sọ ọ́ di ìlú. Nígbà tí iṣẹ́ irin kógbá wọlé, àwọn èèyàn tú ká: wọ́n lé ní 37,000 ní 1940, wọ́n ku nǹkan bí 18,000 ní 2020. Ọmọ ilé ìwé ìjọba wọn kò pé 3,000, ọmọ funfun àti ọmọ dúdú pọ̀ níbẹ̀, ilé tí ọwọ́ kò tẹ́nu sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ti wá. Bí ìṣirò ti wí, ó yẹ kí wọ́n wà nísàlẹ̀. Àmọ́ ọdún ń gorí ọdún, ó lé ní 90 nínú 100 ọmọ kíláàsì kẹta wọn tó ń yege nínú ìwé kíkà.

Kí ni wọ́n ń ṣe? Nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n gba ètò kan tó ń jẹ́ Success for All, tí Robert Slavin àti ìyàwó rẹ̀, Nancy Madden, bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore ní 1987. Wọn ò sì jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Tí àkókò ìwé kíkà bá tó, kíláàsì á tú. Ọmọ kíláàsì kejì lè lọ jókòó ti ọmọ kíláàsì kẹta, torí ibi tí ọmọ kàwé dé ni wọ́n fi ń pín wọn. Olùkọ́ eré ìdárayá pàápàá ní ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ní ìwé kíkà, kí ọmọ má baà pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan. Odindi ìṣẹ́jú 90 ni. Wọ́n á pe ìró lẹ́tà, wọ́n á so ìró pọ̀ di ọ̀rọ̀. Ọmọ méjì á kojú síra: ọ̀kan ń kà, èkejì ń fi ìka tọ ìlà, tó bá ṣìnà, á dá a padà. Ọmọ tó bá sì fẹ́ dáhùn ìbéèrè, odindi gbólóhùn ni wọ́n ń gbà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Ohio wá ń to orúkọ àwọn ètò ìwé kíkà tó fọwọ́ sí, ètò Steubenville kò kọ́kọ́ sí níbẹ̀. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ọbẹ̀ tí ọmọ fi jẹun yó, àwọn tó jókòó ní ọ́fíìsì kò kà á mọ́ ọbẹ̀!

Alága ti ń na ọwọ́ sí aago. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilé ìwé gíga, mo fò ó. Kí ẹ tó ra ilé, ẹ wo èsì àwọn ilé ìwé tí ìjọba Ohio ń gbé jáde lọ́dọọdún, ẹ lọ tààrà sí abala Progress, ibẹ̀ lẹ óò ti rí ohun tí àwọn ọmọ kọ́ kún ìmọ̀ wọn. Ẹ tún wo bí ọmọ dúdú àti ọmọ tálákà ṣe ń ṣe níbẹ̀, torí àròpọ̀ máa ń bo ọmọ mọ́lẹ̀.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn. "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Olùkọ́ ọmọ mi ní ká má sọ Yorùbá sí i nílé mọ́, pé òun ló ń fa máàkì rẹ̀ wálẹ̀. A ti dákẹ́ láti bí oṣù mẹ́ta. Ṣé a ti ṣe ọmọ náà léṣe látẹ̀yìnwá ni?"

Gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Mo pa ìwé mi dé.

Mo ní, "Rárá o, ìyá mi." Mo sọ fún wọn nípa ilé ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan ní olùkọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn.

"Kò sí òfin tó fún olùkọ́ láṣẹ láti yan èdè tí ẹ óò sọ nínú ilé yín. Odindi gbólóhùn tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọmọ ní Steubenville, ẹ gbà á ní Yorùbá. Tí ẹ bá bi í pé kí ló jẹ nílé ìwé, tó bá ní 'Ráìsì,' ẹ dúró dè é títí á fi sọ pé 'Ráìsì ni mo jẹ, mà.' Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bi í pé ta ló jókòó tì í."

Ó bi mí bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mo ní, "Nínú mọ́tò ni, bí ẹ bá ṣe ń lọ sílé báyìí."