Ẹni Tí Bọ́ọ̀lù Ò Sí Lọ́dọ̀ Ẹ̀ Ni Kẹ́ Ẹ Máa Wò

Ẹ káalẹ́ o gbogbo yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó fẹ́ràn tẹ́níìsì, tó bá ti kan ti ẹlẹ́ni méjì báyìí, tí èèyàn méjì-méjì máa wà lápá kọ̀ọ̀kan, ṣe la máa ń yí tẹlifíṣàn síbòmíì, torí a gbà pé àwọn tí ò rọ́wọ́ mú nínú ẹlẹ́nìkan ló lọ há síbẹ̀. Èmi ò gbà o. Ayò ọ̀tọ̀ ni, ọgbọ́n ẹ̀ yàtọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń fakọ yọ nínú ẹlẹ́nìkan lè débẹ̀ kójú ẹ̀ já a.

Ẹ jẹ́ ká fi US Open ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀, ìdíje tẹ́níìsì ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé ìdíje ẹlẹ́ni méjì tọkùnrin-tobìnrin (ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú tíìmù) kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e wá ṣáájú ìdíje ẹlẹ́nìkan, wọ́n gé sẹ́ẹ̀tì kúrú sí géèmù mẹ́rin, àyàfi ní àṣekágbá tó jẹ́ mẹ́fà bíi ti tẹ́lẹ̀, tíìmù 16 péré ni wọ́n gbà, wọ́n wá gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ fún àwọn tó bá borí. Àwọn gbajúmọ̀ ẹlẹ́nìkan ló kún ibẹ̀, Alcaraz, Djokovic, Swiatek, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ẹlẹ́ni méjì jẹun ni ò sì ráyè wọlé, inú bí wọn gan-an, mi ò dẹ̀ lè dá wọn lẹ́bi. Ta ló wá gba ife? Sara Errani àti Andrea Vavassori, àwọn ará Ítálì tó gbà á lọ́dún 2024 náà nìyẹn! Swiatek àti Casper Ruud ni wọ́n fìyà jẹ ní àṣekágbá, 6-3, 5-7, 10-6 (tie-break lèyí tó kẹ́yìn yẹn, ìyẹn ayò kúkúrú tí wọ́n ń ka pọ́ìntì dé 10 dípò sẹ́ẹ̀tì kẹta).

Ẹ wá wo Errani yìí o. Obìnrin tí ò ga, mítà 1.64 péré, sáàfù ẹ̀ (bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń gbá láti bẹ̀rẹ̀ pọ́ìntì) dẹ̀ rọ̀ débi pé ìgbà míì abẹ́ ló ti máa ń gbá a. Nínú ẹlẹ́nìkan, ìyà ni sáàfù bẹ́ẹ̀ máa kó bá èèyàn. Báwo ló ṣe wá ń kó ife jọ báyìí, tó tún gba góòlù Òlíńpíìkì ní Paris lọ́dún 2024 pẹ̀lú Jasmine Paolini? Ìdí ni pé nínú ẹlẹ́ni méjì, ẹni tó ń sáàfù kọ́ ló máa ń parí ọ̀rọ̀, ẹni tó dúró nídìí nẹ́ẹ̀tì ni. Tí ẹni tó ń sáàfù bá ti lè gbé bọ́ọ̀lù síbi tí àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò sí, ó ti ṣe tiẹ̀.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Kí wọ́n tó sáàfù, èyí tó wà níwájú á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á fi ìka ṣe àmì fún ẹnì kejì ẹ̀ pé ibi báyìí ni kó o sáàfù sí, èmi máa já sápá ọ̀tún tàbí mo máa dúró síbi tí mo wà. Àwọn tó wà lódìkejì ò lè rí i. Nígbà míì á tiẹ̀ lọ lóṣòó sí àárín kọ́ọ̀tù gan-an, á tẹrí ba kí orí ẹ̀ lè rẹlẹ̀ ju etí nẹ́ẹ̀tì lọ, kí sáàfù má bàa gbá a lẹ́yìn orí, ẹni tó fẹ́ dá bọ́ọ̀lù padà ò wá mọ ibi tó máa yọ sí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lásán lẹni yẹn ní láti ronú? Ojú ẹ̀ á kúrò lára bọ́ọ̀lù díẹ̀, á yọjú wo ẹni tó lóṣòó, ibẹ̀ ló ti máa gbá a sínú nẹ́ẹ̀tì, ẹni tó lóṣòó ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan, òun dẹ̀ ló gba pọ́ìntì yẹn. Ìwé àkọsílẹ̀ ò ní kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ ṣá.

Kọ́ọ̀tù náà dá kún un. Ti ẹlẹ́nìkan fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 27, ti ẹlẹ́ni méjì jẹ́ 36, àwọn kan á ní áà, àyè ti pọ̀ sí i nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ pín 36 sí méjì, 18 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àyè ti kéré! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbá bọ́ọ̀lù sí àárín àwọn méjèèjì, níbi tí nẹ́ẹ̀tì ti rẹlẹ̀ jù (ẹsẹ̀ bàtà 3, nígbà tó jẹ́ 3 àtààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó), tí kálukú á máa rò pé ti ẹnì kejì òun ni. Tíìmù tí ò bá ti jọ gbáyò pẹ́ ni ibẹ̀ máa ń tú láṣìírí.

Àwọn ìbejì Bryan láti Amẹ́ríkà, Bob àti Mike, ò níṣòro yẹn. Ife 119 ni wọ́n jọ gbà, 16 nínú ẹ̀ jẹ́ Grand Slam, ìyẹn àwọn ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù nínú tẹ́níìsì. Ọlọ́wọ́ òsì ni Bob, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni Mike, èyí dẹ̀ wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí tíìmù ló ń yan ẹni tó máa sáàfù láti apá ibo, tí oòrùn bá ń wọ ọlọ́wọ́ ọ̀tún lójú lápá kan, wọ́n á ní kí ọlọ́wọ́ òsì bọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ìbàdí Bob dá a dúró lọ́dún 2018, Mike mú Jack Sock, wọ́n gba Wimbledon, wọ́n gba US Open. Ọ̀rọ̀ tó máa ń da àwọn tó sọ pé ìbejì nìkan ni àṣírí wọn láàmú nìyẹn.

Ẹnì kan béèrè nípa òfin pé tí ó bá ti di 40-40, pọ́ìntì kan ṣoṣo ló kù. Ọdún 2006 ni ATP, àjọ tó ń darí tẹ́níìsì àwọn ọkùnrin, gbé e wọlé fún ẹlẹ́ni méjì, pẹ̀lú tie-break oní 10 dípò sẹ́ẹ̀tì kẹta, kí ayò lè tètè parí. Àwọn tó ń gba sáàfù ló máa ń yan apá tí wọ́n ti fẹ́ gbà á. Ó le lóòótọ́, àmọ́ èmi fẹ́ràn ẹ̀, àyà èèyàn máa ń já.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ṣé ọmọdé nìkan ni ẹlẹ́ni méjì wà fún? Rárá o. Rohan Bopanna láti Íńdíà dé ipò kìíní lágbàáyé lọ́dún 2024 ní ọmọ ọdún 43, òun àti Matthew Ebden dẹ̀ gba Australian Open lóṣù kan náà. Orúnkún tó ti rẹ̀ ò ní kéèyàn má ríran.