Aṣọ Ẹbí Lára Ògiri

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní, nítorí pé àwòrán ni ó jẹ́ kí n tú ẹrù kan tí mo ti dì pa tipẹ́tipẹ́.

Ní ọdún 2018 ni ìyá mi jáde láyé ní Abẹ́òkúta. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà náà, bí mo bá sì fi ẹsẹ̀ kan kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, n kò mọ̀ bóyá màá rí ọ̀nà wọlé padà, nítorí náà ojú fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe sin Màámi. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi aṣọ ẹbí ọ̀pá méjì rán ẹnì kan tí ó ń bọ̀ sí mi: ańkárá elésè àlùkò, tí wọ́n tẹ ojú Màámi sí káàkiri ara rẹ̀, pẹ̀lú gèlè, pẹ̀lú ẹ̀rín tí a mọ̀ mọ́ ọn. Mo ká a sí ìsàlẹ̀ àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, n kò sì ṣí i wò mọ́. Ibo ni n bá wọ̀ ọ́ lọ? Ta ni yóò wọ irú rẹ̀ jókòó tì mí? Aṣọ ẹbí tí ẹnì kan ṣoṣo wọ̀, mélòó ni ẹbí tí ó wà nínú rẹ̀?

Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo gbójú sókè ní ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ ní Brixton, mo sì rí àwòrán ńlá kan lókè ibi tí èrò ń gbà wọlé. Pálọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú jókòó síbẹ̀ pọ̀, bí ẹni tí ó wà nílé ara wọn. Njideka Akunyili Crosby, obìnrin ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ni ó ṣe é, ó sì pè é ní Remain, Thriving. Àwọn tí ó yà síbẹ̀ dúró fún ọmọ-ọmọ àwọn ará Karibíánì tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ yìí láti 1948, nígbà tí ọkọ̀ Windrush gúnlẹ̀. Ọdún 2018 yẹn kan náà ni ìròyìn gba ìlú pé wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà nínú àwọn ará Karibíánì náà, tí wọ́n ti kékeré dàgbà níbí. Èmi tí mo ń retí ìwé tèmi dúró síbẹ̀ títí tí èrò fi ń fi èjìká tì mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá iṣẹ́ obìnrin yìí kiri. Enugu ni wọ́n ti bí i ní 1983, ó kàwé ní Queen's College ní Èkó, ó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1999. Dora Akunyili tí ó gbógun ti ayédèrú oògùn nígbà tí ó jẹ́ ọ̀gá NAFDAC, tí ó sì di olóògbé ní 2014, ni ìyá rẹ̀. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni ọkọ rẹ̀, Los Angeles ni wọ́n ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Yóò kó fọ́tò jọ, ti ẹbí àti ti inú ìwé ìròyìn ayé àtijọ́ ní Nàìjíríà, yóò tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, yóò da ojú wọn bolẹ̀ lórí ìwé ńlá tí ó fẹ́ yàwòrán sí, yóò wá fi àsítóònù, irú èyí tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná, pa ẹ̀yìn wọn. Yíǹkì á ṣí kúrò níhìn-ín, á lẹ̀ mọ́ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n kì í mọ́lẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀tún á di òsì, ibòmíràn kò sì ní í mú rárá, síbẹ̀ ẹni tí ó mọ ojú náà yóò dá a mọ̀. Yorùbá tí mo ń bá ọmọ mi sọ ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Tí o bá wo àwòrán rẹ̀ láti òkèèrè, àga àti ògiri ni wàá rí. Tí o bá sún mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ojú ni yóò máa wò ọ́ láti inú ògiri náà. Nínú àwòrán rẹ̀ kan tí kò sí ènìyàn, orí tábìlì ìyá rẹ̀ àgbà ni ó yà, pẹ̀lú àtùpà kẹrosíìnì, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó wá lóye rẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwa tí a kúrò nílé dà bí àdán, a kì í ṣe eku, a kì í ṣe ẹyẹ. Mo ti gbà á gbọ́ rí. N kò rí àdán kankan nínú àwọn àwòrán yìí; onílé ni mo rí, tí ẹrù ìlú méjì kún pálọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kan wà tí ó ṣe ní 2017, tí ó wà ní Baltimore Museum of Art. Dwell: Aso Ebi ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìgbò fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ ní Amẹ́ríkà, inú mi sì dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Obìnrin kan ṣoṣo ni ó jókòó nínú rẹ̀. Mo tún wá mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n tẹ ojú ìyá rẹ̀ sí wà lára ohun tí ó máa ń lò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mo wo obìnrin tí ó dá jókòó náà títí, mo sì rántí àpótí mi.

Ní 2021, wọ́n gbé iṣẹ́ Joy Labinjo, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí, sí ojú ibi kan náà ní Brixton: àwọn obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù ìdírí. Ọmọ mi obìnrin na ìka sí i, ó ní, “Mọ́mì, ọ̀dọ̀ onídìrí wa nìyẹn!” Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ohun tí èmi kọ́kọ́ rí kọ́ ni ó rí, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni ó rí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí àpótí. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo yàrá. Èmi àti ọmọ náà fi ìṣó mẹ́rin kan aṣọ Màámi mọ́ ògiri lókè àga, láìní férémù. Ó gun orí àga, ó ń ka ojú ìyá àgbà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó dé mẹ́tàdínlógún, ó sì dúró ní etí aṣọ níbi tí abẹ́ ti gé ojú kan sí méjì. Ó ní ṣé kí òun ka ìyẹn mọ́ ọn. Mo ní kí ó kà á.