Ojú Rí I, Ẹsẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Lúùkù 10:29-37.

Amòfin kan bi Jésù pé ta ni ọmọnìkejì òun. Ààlà ló ń wá: ta ló kàn mí, ta ni kò kàn mí? Jésù fi ìtàn ọkùnrin kan tí àwọn ọlọ́ṣà lù, tí wọ́n fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, dá a lóhùn.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń jiyàn lórí irú ẹ̀dá tí ènìyàn jẹ́. Ní Ṣáínà àtijọ́, Mencius ní a bí ire mọ́ wa: ẹni tó bá ṣàdédé rí ọmọdé tó fẹ́ já sí kànga, àyà rẹ̀ á já, àánú á sì ṣe é. Xunzi ní irọ́ ni, ibi ni a bí mọ́ wa, ẹ̀kọ́ ló ń tún wa ṣe. Ní 1651, Thomas Hobbes, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé láìsí aláṣẹ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, ogun là bá máa bá ara wa jà.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kànga yẹn gan-an. Àmọ́ ẹ tún un wò: Mencius ní àyà á já, kò ní ẹsẹ̀ á sáré. Àlùfáà àti ọmọ Léfì inú ìtàn Jésù mọ̀ dájú pé àwòrán Ọlọ́run ni ènìyàn. Ẹ̀kọ́ wo ló tún ga ju ìyẹn lọ? Síbẹ̀, wọ́n gba òdìkejì kọjá. Ará Samáríà ni kò bèèrè ohunkóhun. Ó sún mọ́ ọkùnrin tí wọ́n lù náà, ó di ọgbẹ́ rẹ̀, ó sì san owó ilé èrò.

Emmanuel Levinas, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó jẹ́ Júù tí wọ́n bí ní Lithuania, wà ní ìgbèkùn àwọn ará Jámánì láti 1940 di 1945. Àwọn Násì tó ń ṣàkóso Jámánì nígbà náà pa òbí àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹni tójú rẹ̀ rí irú èyí ì bá ní ẹranko ni ènìyàn. Ohun tó fi kọ́ni ni pé kí n tó mọ irú ẹni tí ọmọnìkejì mi jẹ́, ojú rẹ̀ ti ń pè mí, ọrùn mi sì ni ìtọ́jú rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, dárí jì mí fún gbogbo ẹni tí mo ti rí, tí mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Olúwa, bí àyà mi bá já lónìí, jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi náà gbọ́.

Jésù, ẹni tí mo ti pinnu lọ́kàn mi pé kò yẹ fún àánú, mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Àmín.